Ìbọn wà nílé mi ní Houston, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó

#1 ỌmọỌdẹHouston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lájò bíi tèmi, ẹ kú àjò.

Sátidé tó kọjá, níbi ìkómọ kan ní Missouri City, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní irú ìbọn wo ni kóun rà. Kò bi mí bóyá kóun rà á. Irú èyí tóun máa rà ló bi mí. Èmi náà bi í pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, oṣù mélòó ni owó tó wà ní báńkì máa gbé e dé. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè omi tí wọ́n gbé yangan fún. Ó ní kí ló pa ìbọn pọ̀ mọ́ báńkì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà, ni mo bá ní kí n wá kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé. Mo ní ìbọn. Ìbọn ìléwọ́ kan péré ni, Glock 19. Ọdún 2017 ni mo rà á, lẹ́yìn ìkún omi Harvey, nígbà tí gbogbo àdúgbò wa ní Alief ń sọ pé olè ń wọ ilé tí omi ti lé onílé jáde. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, agogo méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Ìyàwó mi àti ọmọ méjì ló máa ń dá sùn nílé. Mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ ni. Láti 1791 ló ti wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó di 2008, nínú ẹjọ́ Heller, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ là á mọ́lẹ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun nìkan. Ní Texas níbí, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 tí òfin kò sì dí lọ́nà lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ kankan. Èmi ṣì ní ìwé àṣẹ tèmi ṣáá o. Dọ́là 40 ni, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì mọ ìwé náà tí mo bá rìnrìn àjò.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ kì í san owó ilé. Ẹ wo ohun tí ẹ̀tọ́ tèmi ná mi lọ́dún àkọ́kọ́. Ìbọn fúnra rẹ̀, dọ́là 560. Owó orí ọjà ní Houston, 46. Sééfù kékeré tí èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀ ṣí nínú òkùnkùn, 190. Kíláàsì ọjọ́ kan, 120. Ọta páálí méjìlá, 180. Ibi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, dọ́là 24 lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 240. Ẹ lù ú pọ̀, 1,336. Orí káàdì kírẹ́díìtì ni gbogbo rẹ̀ kó sí.

Lọ́dún yẹn kan náà, ibi iṣẹ́ mi ṣèlérí pé ẹni tó bá fi 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, àwọn máa fi 4 mìíràn lé e. Mi ò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Mo ní kò sówó. Owó ọta wà o.

Oṣù keje 2024 wá dé, ìjì Beryl jà. Àwọn tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ ní agbègbè yìí lé ní mílíọ̀nù méjì. Ilé tiwa, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ooru Houston lóṣù keje, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi kejì ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn sí i nímú tí èémí rẹ̀ bá ń há, iná ni ẹ̀rọ yẹn sì ń lò. Glock kò tan iná. Aládùúgbò mi ará Vietnam ló fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé fún wa. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ má gbé e sínú gáréèjì. Mo ti rí ohun tí èéfín yẹn ń ṣe fún èèyàn.)

Nítorí náà, bí ẹ bá bi èmi oníbọn, màá ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní, kí jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ká tó wá sọ ti ìbọn.

#2 GúgúrúÀtẸ̀pà

Mo ti jókòó síwájú. Ẹ máa bọ̀.

#3 ÌyáÌbejìPeckham

Bọ̀dá Houston, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Ti owó tẹ́ ẹ sọ, bí àgbà lẹ ṣe sọ ọ́. Ti ẹ̀tọ́ yẹn ni mi ò lè bá yín jókòó sí.

Ní 1996, ọkùnrin kan wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dunblane, ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Òfin ló fi ra àwọn ìbọn ìléwọ́ tó lò, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pérépéré. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba fi òfin gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì sí ọjọ́ tí wọ́n délé tí wọ́n ní tíṣà kọ́ àwọn bí àwọn ṣe máa sá pamọ́ fún oníbọn. Mi ò ní purọ́, ọ̀bẹ ń pa ọmọ wa ní London, mo ti lọ síbi ìsìnkú ọmọ ọdún 17. Àmọ́ èèyàn a máa ráyè sá fún ọlọ́bẹ. Ọta kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

#4 ỌmọỌdẹHouston

Àǹtí mi, ẹ ò jẹ̀bi. Oṣù karùn-ún 2022, ní Uvalde, Texas wa níbí, ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì. Ọmọ ọdún 18 ló ṣe é, ìsọ̀ ló sì ti ra ìbọn rẹ̀, ó tẹ̀ lé òfin rà á. Òfin àpapọ̀ ní ìsọ̀ kò gbọ́dọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ bíi tèmi fún ẹni tí kò tíì pé 21, àmọ́ tó bá jẹ́ ìbọn gígùn, 18 ti tó. Ẹni tí wọ́n ní kò tíì tó ra ìgò bíà kan! Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn tí a jọ ń yìnbọn ti máa ń yapa. Wọ́n ní mo ti fẹ́ di ará California, níbi tí òfin ìbọn ti le. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà ní mo ti di kọ́bọ́ì. Kò síbi tí wọ́n ti gbà mí tán.

Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́fà délé lọ́jọ́ kan, ó ní nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì tí wọ́n paná, òun lòun dákẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ó fi ń yangàn. Mo kí i kú iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

#5 ÌyáOníṣirò_Katy

Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ mi ni ìṣirò, ara mi ò lè gbà á. Dọ́là 1,336 lórí káàdì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún: èlé oṣù kìíní nìkan súnmọ́ dọ́là 27. Ká ní ẹ ń san 40 lóṣooṣù, tí ẹ ò sì fi káàdì náà ra ohunkóhun mọ́, oṣù 56 ló máa gbà yín. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa san á lé ní 2,200. Ẹ ra ìbọn kan, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó méjì. Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe jáde nínú ẹ̀?

Nǹkan mìíràn tí àwọn oníbọn kì í kà: ìwé adójútòfò ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn ni kì í san ju dọ́là 2,500 lọ lórí ìbọn tí olè bá jí, iye yòówù tí ẹ bá kó jọ sílé. Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lákòókò owó orí, ìbọn mọ́kànlá ló ní. Mo bi í léèrè owó ìfẹ̀yìntì, ó ní ìbọn òun ni owó ìfẹ̀yìntì òun. Mo dákẹ́.

#6 ỌmọỌdẹHouston

Àjọ ló yọ mí, mà. Àwa mẹ́wàá tí a ti ìlú kan náà wá, dọ́là 300 lóṣù. Nígbà tó kàn mí lọ́dún 2018, mo kó 3,000, mo san káàdì yẹn tán, mo gé e sí wẹ́wẹ́. Ká sọ òótọ́, ìyàwó mi ló mú sísọ́ọ̀sì dání. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ fọwọ́ sí ìwé 401(k).

Ọkùnrin oníbọn mọ́kànlá yẹn, mo mọ irú wọn. Ìbọn dà bí aṣọ ẹbí, ẹni tó bá ti ra ọ̀kan á fẹ́ ra ti òde mìíràn.

#7 Akẹ́kọ̀ọ́Denton

Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Denton, físà F-1 ni mo fi wọlé. Wọ́n ti fọ́ ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi ra kékeré kan sórúkọ yín? Màá fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Texas tí a jọ ń gbé yàrá tún ń pè mí lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn lópin ọ̀sẹ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni.

#8 ỌmọỌdẹHouston

Àbúrò, fetí sílẹ̀ dáadáa, mi ò bá ẹ jà o.

Èkíní, ohun tó o ní kí n ṣe yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin àpapọ̀. Ìwé kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ra ìbọn ní ìsọ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, Form 4473. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni bóyá ìwọ gan-an lo ń ra ìbọn náà. Tí mo bá ní èmi ni, nígbà tó jẹ́ ìwọ lo fowó ránṣẹ́, mo ti purọ́ fún ìjọba. Láti 2022, òfin tuntun ti sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 fún ẹni tó bá ra ìbọn bojú fún ẹlòmíràn tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ ní in. Mo fẹ́ràn rẹ, àmọ́ kò dé ọdún 15.

Èkejì, ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀ bíi tìẹ, òfin àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. "Ní lọ́wọ́" yẹn náà ni kó o rò ó kó o tó gba ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ dání níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Bi lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ físà kó o tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè rà á ní tirẹ̀, èmi náà rà á kí n tó di ọmọ onílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀sùn ìbọn kan ṣoṣo tó bá dá ẹni gíríìnì káàdì lẹ́bi lè dá a padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí. Ẹni tó bá sì ń fa igbó, ì báà jẹ́ ìpínlẹ̀ tó fàyè gbà á ló ń gbé, ìwé 4473 yẹn bi í níbẹ̀ o.

Ti ọkọ̀ rẹ tí wọ́n fọ́: ká ní ìbọn wà nínú ẹ̀, ọwọ́ olè ni ìbọn náà máa wà báyìí. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń sùn sílé. Ilé ìwòsàn kò gbà á wọlé, èmi ò sì lè fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ fún wákàtí méjìlá.

#9 Akẹ́kọ̀ọ́Denton

Ẹ ṣeun sà. Màá ra àgádágodo onírin tí wọ́n ń fi há ìdarí ọkọ̀.

#10 GúgúrúÀtẸ̀pà

Dọ́là 30. Ọmọ ti gbọ́n.

#11 ÒjòOgunIbọn_Ìgbóọrà

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jẹ́ kí ará ilé náà fẹnu sí i. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ṣakabùlà wà lókè àjà ilé wa láti kékeré mi. Ètù wà nínú àdó ní yàrá bàbá mi, ọta wà lọ́dọ̀ ìyá mi nínú agolo mílíìkì. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í pàdé àfi lóko. Ẹ̀yin ń fi dọ́là 190 ra sééfù, àgbà ọdẹ ti ṣe sééfù láìná kọ́bọ̀. Bí ọmọdé bá fi igi dọ́gbọ́n nà sí ẹnìkejì bí ìbọn, bàbá mi á gbá a létí, á ní, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ òun?"

Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ṣì ló ń darí wa. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ ti ń wá. Ìbọn ìléwọ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n yẹn, aráàlú lásán kì í rí i gbà. Àmọ́ ẹ wo Ọ̀wọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pa àwọn èèyàn tó lé ní ogójì. Ìwé àṣẹ ta ni àwọn yẹn gbà? Látìgbà tí wọ́n ti ṣí Amọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020 ni àwa ti ń pariwo pé kí wọ́n fún wọn ní ohun tó ju ṣakabùlà lọ. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, kò ní gún régé fún gbogbo ìlú láti ṣe bíi ti London. London ní ọlọ́pàá tó ń wá tí a bá pè é.

Ẹ̀gbọ́n, dọ́là 560 yín yẹn, ẹni tó ń gba 70,000 náírà tí ìjọba ní ó kéré jù, bí owó oṣù mọ́kànlá rẹ̀ ni. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

#12 ÌyáÌbejìPeckham

Àbúrò Ìgbóọrà, ti Ọ̀wọ̀ yẹn, mi ò ní èsì. Ó dùn mí títí dòní.

#13 ÒtútùMinnesota

Èmi ò ní ìbọn, mi ò sì ní ní in láé, kì í ṣe nítorí owó. Àwọ̀ ara mi ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje 2016, ọlọ́pàá dá Philando Castile, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, dúró ní Falcon Heights, kò jìnnà síbi tí mo ti ń ra ẹran. Ó ní ìwé àṣẹ. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun ní ìbọn. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á lójú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ ní ọlọ́pàá kò jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, bọ̀dá, ṣé àwa náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in?

#14 ỌmọỌdẹHouston

Ní 1791, wọn ò pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jọ wá, ẹ ti sọ òótọ́. Èmi gbà pé ìdí nìyẹn gan-an tí mi ò fi ní jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi nísinsìnyí tó ti dé. Àmọ́ mi ò lè sọ pé ẹ̀rù kì í bà mí. Ọlọ́pàá dá mi dúró ní òpópónà Bissonnet lẹ́ẹ̀kan, ìbọn wà lára mi. Ní Texas, ẹni tó ní ìwé àṣẹ tó sì gbé ìbọn dání gbọ́dọ̀ fi ìwé náà hàn tí ọlọ́pàá bá ní kó mú ìwé ìdánimọ̀ wá. Mo tan iná inú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí, mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Mo sọ pé pọ́ọ̀sì mi wà ní àpò òsì, ṣé kí n mú un? Ó ní kí n mú un. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ó ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé mo ti fi eyín gé ètè mi.

#15 Onísùúrù_Atlanta

Mo ti ń ka èyí láti àárọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ olè, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ onílé fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 2020 iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Káàdì mẹ́ta, gbèsè dọ́là 19,000. Àwọn ará ilé ń pè lójoojúmọ́, mi ò lè sọ fún wọn pé kò sí. Ẹ̀yin tó ń fowó ránṣẹ́ sílé mọ ìtìjú yẹn. Ìbọn wà nínú àpótí ìbùsùn mi. Lóru ọjọ́ kan, mo jókòó, mo wo àpótí yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di agogo mẹ́fà, mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ará Ìjẹ̀bú, mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀. Kò bi mí ní ìdí. Ó gbà á, ó tì í pa, ó din ẹyin fún mi. Ìbọn náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní 2021, nínú 48,830 tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fọwọ́ ara wọn pa ara wọn ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá ní ìbọn nílé, kó mọ ẹni tó máa gbé e fún bí ayé bá dojú rú. Nọ́ńbà 988, tí ẹni tí ayé bá sú lè pè ní Amẹ́ríkà, náà ti wà láti 2022, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

#16 ÌyáOníṣirò_Katy

Ẹ kú ìfaradà, bọ̀dá. Ẹ bá mi kí ará Ìjẹ̀bú yẹn.

#17 ÒjòOgunIbọn_Ìgbóọrà

Ẹyin dídín yẹn ni mo gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n.

#18 ÈmiNáàRèé

Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni ọ̀rẹ́ ìyàwó tí bọ̀dá ń sọ ní òkè yẹn.

Bọ̀dá, ẹ bi mí pé oṣù mélòó. Dọ́là 212 ló wà ní báńkì mi, kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ ò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ìbọn ṣe. Ẹni tí mo kọ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti mọ ibi tí mo kó lọ. Ọjọ́bọ̀ méjì ló ti wá jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé mi lóru. Kì í kanlẹ̀kùn. Ó kàn máa ń jókòó síbẹ̀ ni. Òun náà ní ìbọn, mo mọ ibi tó ń fi í sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ń sọ jẹnẹrétọ̀ fún mi.

#19 ỌmọỌdẹHouston

Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ lórí owó yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi yín, mi ò bi yín.

Ẹ gbọ́ èyí. Àṣẹ ààbò wà ní ilé ẹjọ́ Texas fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ń béèrè fún un kì í san kọ́bọ̀. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní kaúńtì yín ni ẹ máa lọ. Tí ilé ẹjọ́ bá ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé ewu ni fún yín, òfin àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́. Ọmọ Texas níbí ni Rahimi tó lòdì sí òfin yẹn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Oṣù kẹfà 2024, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní òfin náà dúró. Èmi oníbọn dunnú lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Mo mọ̀ pé ìwé kì í dá ọta dúró. Àmọ́ ìwé yẹn ló ń mú kí ọlọ́pàá lè gbé e kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó wá sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i lálẹ́ yìí, 911. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé sọ̀rọ̀, 1-800-799-7233. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ìbọn lẹ́yìn gbogbo èyí, mi ò ní sọ̀rọ̀ owó mọ́. Màá bá yín lọ, màá sì dúró tì yín títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

#20 ÌyáÌbejìPeckham

Àǹtí, ẹ má kọ nǹkan kan mọ́ síbí. Ìta gbangba lẹ wà, ẹni yẹn náà lè máa kà á. Alábòójútó, ẹ bá wa yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bọ̀dá, ti ìbọn, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Níbi tí irú ọkùnrin yẹn bá wà, bí ìbọn bá di méjì nílé, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ kọ́kọ́ gbé àǹtí kúrò nínú ilé yẹn ná.

#21 ÌyáOníṣirò_Katy

Àǹtí, Katy ni mo wà. Yàrá kan ṣófo nílé mi, ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró dọ̀la. Ti 212 yẹn, a ó mójú tó o tẹ́ ẹ bá ti sùn dáadáa.

#22 ỌmọỌdẹHouston

Mo ń wọ iṣẹ́, fóònù mi máa wà nínú lọ́kà di agogo méje. Ìyàwó mi ti gbọ́, ó wà nítòsí fóònù. Ó ní kẹ́ ẹ má fi ọkọ̀ yín wá, òun máa wá gbé yín.

#23 ÈmiNáàRèé

Mo ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Mo ń di ẹrù.